Omi Tó Dín Lábẹ́ Àpótí Ẹja Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Kamen,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Òtútù ti dé sí ìlú Ruse níbí. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá ni omi tí ẹ̀rọ ń fà padà sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ti ń hó yàà, tó ń dún gùrùgùrù káàkiri ilé. Mo fún gbogbo oríkèé páìpù le, mo pààrọ̀ rọ́bà, kò gbọ́. Àfìgbà tí Màmá kúnlẹ̀, tí wọ́n yẹ agbada omi ìsàlẹ̀ àpótí náà wò níbi tí ẹ̀rọ wà.

"Radka, omi ti fà níbí. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń mu."

Ẹ mọ̀ pé Bàbá máa ń fi jọ́ọ̀gì ẹ̀gbẹ́ sítóòfù bu omi kún agbada náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, Àǹtí Stanka da gbogbo omi inú ilé nù bí àṣà wa, wọ́n sì da jọ́ọ̀gì yẹn dojú dé. Kò sẹ́ni tó rántí ṣí i.

"Ẹ mà gbọ́n o," ni Màmá wí. "Ẹ da omi nù nítorí òkú, ẹ ò rántí bu omi fún alààyè."

A bu omi sí i, híhó náà sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ilé wá dákẹ́ débi pé Màmá ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe Màmá lórí fóònù láràárọ̀, lákòókò tí Bàbá máa ń bu omi.

Àbúrò yín,
Radka