Orogún Mi Onírọ́bà

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì, 2025

Mo ti dáràn. Mo ti fọ́ Orogún.

Orogún ni mo ń pe káyaàkì Bàbá Tiwa, ọkọ mi: ọkọ̀ omi aláwọ̀ búlúù tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọ̀. Ó rà á lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu bọ́ọ̀sì wíwà. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, kí la fẹ́ ṣe? Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń wọ́ ọ lórí táyà méjì lọ sí odò Roding, nílùú Òyìnbó níbí, kò jìnnà sílé wa. Èmi ò mọ odò wẹ̀. Mo ti sọ tèmi lọ́jọ́ tó gbé e wálé, n ò sì tún un sọ mọ́.

Lónìí, ẹ̀ka igi aládùúgbò kọ́ wáyà tí mo ń sá aṣọ sí. Àkàbà ti bàjẹ́. Orogún wà lẹ́yìn ilé, ó dojú dé, yìnyín bò ó. Mo gun ikùn rẹ̀. Gbàù!

Ìwọ̀n mi ò kan ẹnikẹ́ni.

Bàbá Tiwa wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ló ń padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo fi téèpù télọ̀ wọn ibi tó sán: íǹṣì méje. Ogún ọdún ni mo ti ń tún aṣọ ṣe ní ilé ìtajà Vicarage Field. Ṣòkòtò tó ya, síìpù tó kú, gbogbo wọn ló ń gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n rọ́bà? Mo tẹ ibi tó sán, ó lanu. Mo fọwọ́ sílẹ̀, ó panu dé. Mo ṣe é títí ọwọ́ fi tutù. Mo ra gọ́ọ̀mù tó le jù ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 20

Gọ́ọ̀mù gbẹ. Mo fi èékánná kàn án — odindi ló ká kúrò. Kí ló dé tí rọ́bà yìí ò fẹ́ kí nǹkan kan lẹ̀ mọ́ òun?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo lọ bá Síkírù, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń jó bọ́ńpà mọ́tò pọ̀ ní Becontree Heath. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ omi; bọ́ńpà tó bá já, ojú títì ló ń já sí. Àmọ́ ó kọ́ mi. Kí n lu ihò kékeré sí ìparí méjèèjì ibi tó sán, kó má baà sáré lọ. Ó yé mi kíá: bí a ṣe ń de òkè ibi tí síkẹ́ẹ̀tì là sí nìyẹn, kó má baà ya dé ìdí. Kí n fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀, kí n wá yọ́ rọ́bà mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n irú kan náà ni o, rọ́bà kì í gba àjèjì.

Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ irú tó jẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ gé bíńtín lára rẹ̀, ẹ sun ún níná, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Ó yá mi ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Mi ò lè dúró dọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo ti mọ̀ ọ́n!

Mo sun èyí tí mo gé lára Orogún láàárọ̀. Òórùn tí mo mọ̀ ni, àmọ́ n ò lè dárúkọ rẹ̀. Mo gbé e sọ́kàn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, èmi ni mo ń tan àbẹ́là. Lẹ́yìn ìsìn, mo pa èyí tó kẹ́yìn, èéfín rẹ̀ wọ̀ mí nímú — òun gan-an! Mo kígbe: "Àbẹ́là ni!" Wòlíì Máyọ̀kún rò pé mo ríran. Wọ́n ní kí n sọ ìran náà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kò tíì pé.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun gbogbo nǹkan. Ìdérí abọ́: rárá. Ike áísìkiriìmù: rárá, ó ń rùn bí ọ̀rọ̀ burúkú. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa: àbẹ́là pọ́nńbélé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo fi ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́ẹ̀mẹta, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo yọ́ ọ sójú ọgbẹ́ Orogún. Ó wọlé! Mo jó díẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ọjọ́rú, 26

Ó ti bó. Gbogbo rẹ̀, bí èépá.

Mo pe Síkírù. Ó bi mí ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀. Mo ní epo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní epo ti mu wọ rọ́bà lára, ọṣẹ ayé kan ò lè yọ ọ́. "Màámi, ọkọ̀ lẹ̀ ń tún ṣe àbí ọbẹ̀ lẹ̀ ń sè?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Kẹ́ẹ̀gì kan ló kù nílé tí epo ò kàn rí: èyí tí mo ń gbé omi àdúrà sí. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo da omi náà sínú ìgò, n ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Olúwa, ẹ má bínú. Mo gé e.

Wákàtí mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá pọ̀, á jó. Bí kò bá tó, kò ní lẹ̀. Ó di àpá funfun lára búlúù. Kò lẹ́wà. Àmọ́ mo fi ìdí ọ̀bẹ gbá a, kò mira.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Síkírù ní kí n rọ omi kún inú rẹ̀, kí n wò ó bóyá á jò. Mo gbé e lé àga méjì. Garawa mẹ́sàn-án. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí koríko, mo ń wo ikùn rẹ̀.

Tèmi ò jò!

Àmọ́ omi ń kán níbòmíràn. Tó, tó, tó. Níwájú, lábẹ́ sítíkà tí Bàbá Tiwa lẹ̀ síbẹ̀: OLÚWA NI ÀÀBÒ MI. Èmi ò gun ibẹ̀ o.

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo ká sítíkà náà. Àpá ló wà lábẹ́ rẹ̀ — dúdú, wúruwùru, iṣẹ́ ẹni tí ojú ń kán. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Òkúta ló gbá a. Ọkọ mi ti tún un ṣe, ó sì bò ó.

Mo wá rántí Oṣù Kẹjọ tó kọjá. Ó wọlé lọ́sàn-án Sátidé kan, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ojúgun rẹ̀ bó. Ó ní òjò ni, òun yọ̀ lójú títì. Mo gbà á gbọ́! Èmi!

Nǹkan mìíràn ń yọ mí lẹ́nu ju irọ́ náà lọ. Ibi tí aṣọ ti ń gbó ni mo ti máa ń mọ ohun tí ẹni tó ni ín ń ṣe. Òkúta ti họ gbogbo ikùn Orogún. Sítíkà yìí ńkọ́? Nǹkan kan ò họ ọ́. Etí rẹ̀ ò ká. Kò wọ omi rí. Láti Oṣù Kẹjọ, Orogún ò kan odò.

Níbo wá ni Bàbá Tiwa ń wọ́ ọ lọ ní gbogbo Sátidé?

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó pè láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní ọ̀sà dùn-ún wò láàárọ̀ yìí. Mo ní ṣé ẹ wọkọ̀? Ó ní rárá, orí ilẹ̀ lòun ti wò ó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́!

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àbí obìnrin ni? Rárá. Obìnrin wo ló máa gbà kó máa wọ́ ọkọ̀ bọ̀ wá bá òun?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bí mo bá tún àpá tirẹ̀ ṣe, á mọ̀ pé mo ti rí i. Bí n ò bá tún un ṣe, omi á wọlé bá a láàárín odò. Mo họ rọ́bà dúdú náà kúrò. Mo yọ́ kẹ́ẹ̀gì àdúrà sí i. Mo tún rọ omi kún un: ikùn rẹ̀ gbẹ táútáú, kò jò. N ò lẹ sítíkà padà. Kó mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó dé. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo ń wò ó láti fèrèsé kíṣìnnì. Ó fọwọ́ kan àpá kan. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó wọlé, ó ní ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni. Mo jẹ́wọ́ tèmi, igi, àkàbà, gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sọ tirẹ̀. Ọkọ̀ yí mọ́ ọn lórí ní Oṣù Kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú. Ó jà títí ó fi yọ ọ́. Láti ìgbà náà, bó bá dé etí odò, kì í lè ti ọkọ̀ sómi. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì di ọ̀sán, á wá wọ́ Orogún bọ̀ wálé.

Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní lọ́jọ́ tóun gbé ọkọ̀ náà wálé, mo ní, "Ọjọ́ tí omi bá gbé yín lọ, ẹ má pe orúkọ mi o." Ó ní lábẹ́ omi, orúkọ mi ló wá sóun lẹ́nu. Òun sì rántí, òun ò pè é.

Mo ti gbàgbé pé bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 16

N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ló tan àbẹ́là.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Àwa méjèèjì la jọ wọ́ Orogún lọ. Mo so okùn mọ́ ìdí rẹ̀, mo lọ́ ọ mọ́ ọwọ́ mi. Bàbá Tiwa di etí ọkọ̀ mú, kò wọ̀ ọ́. Mo wọ inú ẹrẹ̀ dé ojúgun, pẹ̀lú bàtà. Mo ní, "Bó bá fẹ́ gbé yín, ẹ pè mí. Ẹ pariwo."

Ó wọkọ̀, ó jókòó. Mo tì í. Ó wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Mo kígbe pé ṣé inú rẹ̀ gbẹ? Ó ní ó gbẹ.

Okùn tán lọ́wọ́ mi. Ó dúró láàárín omi, ó pè mí: "Ọmọ́lẹ́wà!"

Kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn pè mí ni. Mo dá a lóhùn.