Jímọ̀ Méjì Ló Kù Kí Wọ́n Tó Ti Ṣáàtì Pa

Abúlé Agbéja,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2009.

Sí ọmọ mi Roheemat Àbẹ̀kẹ́, ní Kétu, l'Ékòó,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le bí ara mi ṣe le níbí? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ńkọ́, ìyá onílé yín tí orúnkún ń dùn ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kó o jáde láàárọ̀ kí ilé máa retí rẹ títí. Ibi tó o bá na ọwọ́ sí, oore ni kó o bá níbẹ̀. Àwọn tó ń bá ọ ra ọjà ní Mile 12 ò ní yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àmín. Bó bá ku ẹnì kan tí mi ò kí, bá mi kí i, kó má baà sọ pé mo fojú fo òun.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Tíṣà Akínbíyì tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà wò ó, ó ní ó dáa, pé kí n kàn máa dúró díẹ̀díẹ̀ kí n máa fi àmì sí i, mo ní ibo ni mo fẹ́ dúró sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Òjò ń rọ̀ dáadáa nílé, àgbàdo ti ń yọ irun. Ìyàwó Sàká aládùúgbò wa bí ìbejì, takọtabo, ara ìyá le, ara ọmọ le, Sàká nìkan ni ara ẹ̀ ò le. Ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná wa wó lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kò wó lu ẹnikẹ́ni, àmọ́ adìyẹ dúdú yẹn wà nítòsí, ẹ̀rù bà á, kò sì yé ẹyin mọ́ látọjọ́ náà. Bàbá rẹ wà. Ojú tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé ni èyí tó o sọ fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tó o pè mí lórí fóònù Helen tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní oríta. O ní ilé iṣẹ́ Gbàgede, tó ni ojúlé tí ẹgbẹ́ Ọmọ Agbéja ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ pé bó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, àwọn máa yọ ṣáàtì kúrò. O ní ojúlé ẹgbẹ́ ò ní parẹ́, pé fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkéde òkú ṣì máa wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ síra yín tí ẹnì kejì á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ tì pa, torí àwọn èèyàn kì í lò ó. Mo bi ọ́ pé àwọn mélòó ló ń lò ó nínú ẹgbẹ́ tiwa, o ní mẹ́ta: ìwọ, Jìmí tó wà ní London tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń bá èèyàn sọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Roheemat, ṣé ojú ò tì yín? Gbogbo ọmọ Agbéja tó kún Kétu àti Ìkòsì, mẹ́ta! 

Torí ìwọ náà mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan la ti ń rí Mutolib ẹ̀gbọ́n rẹ, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó máa ń yọjú. Ó di ọdún márùn-ún báyìí tó ti lọ, ó sì jẹ́ pé ní Gíríìsì tó ti ń bá wọn ká èso ólífì yẹn, kò ní ibùgbé tó dúró sójú kan, kò ní nọ́ńbà tó dúró sójú kan. O ti kọ lẹ́tà sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí, kò fèsì. Ojúlé tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kà, kò jẹ́ kọ nǹkan kan síbẹ̀, ojú ń tì í. Àmọ́ o ní ọ̀rọ̀ inú ṣáàtì kì í pẹ́ tó fi ń pa rẹ́, kò sẹ́ni tó máa padà wá kà á, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ti ní dúró kó tó lè bá wa sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n wá fẹ́ tì.

Mi ò sì tíì gbàgbé ohun tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ nígbà tí mo wá kí yín lẹ́yìn Iléyá. O mú mi lọ sí kàfé Ìkòsì yẹn, o san owó wákàtí kan, o sì fi iná kékeré aláwọ̀ ewé hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Mutolib, o ní ìyẹn ni pé ó wà níbẹ̀. Mo wo iná náà títí. Mo rò pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń tàn bẹ́ẹ̀, mo sì ń ṣàdúà sí i lábẹ́ ahọ́n kó má kú. Mo ní kó o kí i, o kí i. Mo ní kó o kí i kú òtútù, kú àjò, kú ìdáwà, kó o béèrè ara àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, kó o béèrè ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ àti ìyàwó ọ̀gá náà. Torí pé èmi ni mo tọ́ ọ, ó ń dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kí tiwa padà. Mo ní kó o kí Jìmí náà, torí ó wà níbẹ̀, a ò lè máa wò ó bí ẹni tí a ò mọ̀. Jìmí ní àwọn ẹgbẹ́ òun gbá méjì sódo, mo ní kó o kí i kú oríire. Ibi tí a ti ń kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bọ́ọ̀lù Jìmí ni ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀. Mo bá ọ̀gá kàfé jà, mo ní báwo lèèyàn á ṣe wà lẹ́nu ìkíni kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó ní Mama, ẹ má bínú, wákàtí kan yín ti pé. Ohun tí mo torí ẹ̀ wọkọ̀ láti Agbéja wá, pé kí n bi í ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé, mi ò bi í.

Nítorí náà, mo ti ṣètò. Mo gbọ́ ohun tó o sọ, pé kò sẹ́ni tí a fẹ́ bẹ̀, pé ẹ̀rọ ló kọ ìwé náà sí gbogbo ayé, àti pé wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fèsì. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé inú ń bí ọ̀gá náà. Ta ló máa ń kọ̀wé séèyàn kó tún ní kó má fèsì, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n ti ṣẹ̀? Ó ṣètò ìjókòó sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ò wá jókòó, a ò kí i kú iṣẹ́, oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ká ẹní mi.

Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ibì kan wà tí Mutolib ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ tì í torí pé a ò yọjú. Àwọn tó mọ̀wé kọ orúkọ, àwọn tí ò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. Ọgọ́ta èèyàn ni títí di àárọ̀ àná, ìyá arúgbó ilé Mọ́gàjí sì ní kí n tẹ tòun lẹ́ẹ̀mejì torí òun fẹ́ràn ọmọ náà, mo ní kò ṣeé ṣe. Ìwé náà wà nínú àpò tí Yúnúsà awakọ̀ máa gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí nígbà tó bá kó ata dé Mile 12. Ẹ̀gúsí bíbó wà níbẹ̀, àkùkọ kan sì wà. Àkùkọ náà kì í ṣe tìrẹ o, mo mọ ẹnu rẹ. Ti ọ̀gá Gbàgede ni. Wá Ọládiméjì ọmọ ilé wa tó ń wakọ̀ fún ọ́fíìsì kan ní Ògùdù, kó dé fìlà, kẹ́ ẹ jọ lọ, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ìwọ náà kúnlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tí wọ́n bá ní ọ̀gá ò sí nílé, ẹ béèrè ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ní ìyá, ìyá náà á sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo ti ránṣẹ́ sí Ruqoyah tó ń ta ata gbígbẹ nítòsí ìsọ̀ rẹ náà, pé kí òun àti àwọn obìnrin tó lè fi ọjà sílẹ̀ díẹ̀ bá ọ lọ sí kàfé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n jókòó sínú ṣáàtì yẹn, kó kún. Wọn ò mọ̀wé kọ, àmọ́ wọ́n á wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló kù, mo rọra fi í sẹ́yìn ni. O rántí pé ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí a so yìgì Mutolib nígbà tó sá lọ. Bàbá rẹ ló wọ aṣọ funfun lọ sọ́dọ̀ àwọn àna, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe. Ọmọbìnrin náà ti rílé ọkọ mìíràn, ó ti bímọ mẹ́ta, ó máa ń kí mi dáadáa lọ́nà odò. Àmọ́ látọjọ́ náà ni bàbá rẹ ò ti dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. Gbogbo abúlé ló ń pè mí ní Ìyá Mutolib, òun nìkan ló ń pè mí ní Ìyá Roheemat, tí àwọn àlejò fi ń rò pé ìwọ ni àkọ́bí mi. Ọdún márùn-ún gbáko.

Ní ọ̀sán àná, mo ń to ìwé àwọn tó tẹ̀ka, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ó wá ní, Ìyá Mutolib, gbé yíǹkì yẹn wá. Roheemat, ibi tó o bá rí tí ìwé ti rin lápá ìsàlẹ̀, kì í ṣe òjò, èmi ni. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìwé náà débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó ní bí ọ̀gá yẹn bá ṣe agídí, kẹ́ ẹ ránṣẹ́ pe òun, pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ni, òun ti ṣe é rí nítorí ọmọ náà, òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Tíṣà Akínbíyì wà níbẹ̀, ó ní bí ọ̀gá náà bá wá kọ̀ pátápátá ńkọ́.  Àárọ̀ yìí ni mo rí i tí bàbá rẹ fa òbúkọ rẹ̀ jáde, ó tà á, ó sì ra fóònù oníná lọ́wọ́ Rahmon onígbàjámọ̀. Bàbá rẹ tó ní fóònù ń gba ọpọlọ èèyàn! Mo kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn ìwé yìí, Tíṣà ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Jímọ̀ méjì ló kù, ọjọ́ kọkàndínlógún àti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ìgbàkígbà tó o bá ti rí iná aláwọ̀ ewé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Mutolib, má kí i. Èmi ìyá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Má kí i rárá, má sì kí Jìmí. Kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà náà, kó o wá kọ ọ́ pé bàbá yín ló ni ín, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, kí Mutolib pè é. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, ẹ wá kí ara yín.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ. Fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Yúnúsà, torí Rahmon ń gbowó kó tó fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣáàjì fóònù, bàbá rẹ sì ti ní fóònù yìí ò gbọdọ̀ kú. Ìlà mẹ́rin ló wà lójú fóònù náà tó bá yó, bí ọ̀kan bá ti lọ báyìí, bàbá rẹ ti gbé e, ó ti ń sáré lọ. Bí ọ̀gá kàfé bá sì fẹ́ dín iye tó ń gbà kù fún ọ, sọ fún un pé Mama tó bá a jà ló ní kí wọ́n kí i, pé kó má bínú.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o jẹ èrè ìyọnu tó ò ń ṣe lórí ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwọn ọmọ tìrẹ ò ní ṣìnà mọ́ ọ lọ́wọ́. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ohùn wọn á wà nítòsí rẹ. Àmín láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá yín.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa kí bàbá rẹ tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó bi mí pé bí èèyàn bá gbé fóònù sétí tí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣé ẹni tó wà lọ́hùn-ún á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ní á mọ̀. Jọ̀ọ́, fi kún ohun tí wàá kọ sí Mutolib: bó bá pè tí kò gbọ́ nǹkan kan, kó má pa á o, kó dúró.