Orúkọ Wáìfáì Àwọn Ará Ilé Wa ní Seoul

Màmá,

Ara mi ti yá. Ẹ ní mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ níbí, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Tí mo bá ti tẹ àṣẹ kan sínú ètò Linux tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, á to orúkọ tí kálukú nínú ilé yìí sọ wáìfáì tiẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ “304, Ikọ́ Ẹ Ti Sú Wa.” Èmi ni mò ń gbé yàrá 304. Mo sọ tèmi ní “Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Bínú.”

Lánàá, mi ò lókun láti wúkọ́ rárá. Láàárọ̀ yìí mo rí “304, Ṣé O Ti Kú?” Ẹ ò rí i pé wọ́n ń béèrè mi! Ẹlòmíì ti fi tiẹ̀ dáhùn: “Ọlọ́run, Jẹ́ Kó Rí Bẹ́ẹ̀.”

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ará ilé wa ń gbàdúrà nítorí mi níbí.

Gyu-cheol