Ìdúpẹ́ fún Ẹsẹ̀ Òsì

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn tó sì mọ ọ̀nà Ìlá kò ní jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì ṣú mọ́ wa lójú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá wa níbí, kí o lè fi ojú inú rí wa. Bí mo bá ti jí, omi ni mo máa ń gbé kaná. Bó bá hó, màá da iyọ̀ ṣíbí kan sí i, màá gbé e sílẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó bí ìgbà tí mo ń wẹ̀ ọ́ ní kékeré. Lẹ́yìn náà ni màá gbé ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ lé itan mi, màá tú báńdéèjì, màá máa fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́ láti orókùn wá sílẹ̀, n kì í nù ún. Bí mo bá dé ọmọ ìka, mo máa ń kà á. Márùn-ún ṣì ni, ṣùgbọ́n méjì ti dúdú bí èédú, mo sì lè tẹ méjì yẹn títí kí bàbá rẹ má mọ̀. Wọn kì í wo ibẹ̀. Òrùlé ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa kòkó.

Oṣù mẹ́ta nìyí tí egbò yìí ti gbé wa kúrò ní Ọ̀rà wá sí yàrá tí ṣọ́ọ̀ṣì yá wa nítòsí ọsibítù. N kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìlá. O mọ̀ mí, n kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Bí wọ́n bá kí mi, màá kúnlẹ̀ dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n lè rí ibi jókòó sí láàárín èèyàn. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó. Faith, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ wa, ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí fúnra mi. Ó ní òun á fi fóònù yà á, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ọ kíá. Mo ní kí ni yóò wá kù sí mi lọ́wọ́? Ó ní ìwé á wà lọ́wọ́ mi, á sì tún wà lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kí epo kán sí tìrẹ, kó má baà kó bá tèmi.

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ Pí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì ló fún mi. Ọmọ náà mà láàánú o! Owó tara rẹ̀ ló kà fún mi, mo rí i bó ṣe yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀, nítorí tìrẹ kò tíì dé láti Ìbàdàn. Ó yọ igba náírà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni, mo sì ṣe àmín sí i.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, dókítà fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Nọ́ọ̀sì ti fi bírò fa igi sí ibi mẹ́fà nínú mẹ́jọ, irú èyí tí Faith máa ń fà bí a bá ṣe iṣẹ́ kíláàsì dáadáa. Inú mi dùn, mo ní bàbá rẹ yege. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, Màmá, àìsàn tó wà lára wọn ni òun fi igi yẹn kà, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn yòókù. Dókítà wá ní egbò náà ti jẹrà kọjá ọrùn ẹsẹ̀, kí n mú fọ́ọ̀mù náà padà lónìí ọjọ́ Ajé, kí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orókùn. Ó ní bí a bá jẹ́ kó kọjá orókùn, ẹ̀mí ni yóò kàn. Bàbá rẹ tẹ̀ka sí i níbẹ̀. Ó ku ibi tí ìyàwó máa kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Moyọ̀sọ́rẹ, láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ mi kọ títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn, inú ìwé kíláàsì nìkan ni mo kọ ọ́ sí rí. Mo wo ìlà yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n fa ẹsẹ̀ ọkọ mi lé wọn lọ́wọ́, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni. Mo ká fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé mo ṣì ń wá bírò.

Àná, ọjọ́ Ìsinmi, ni ìsìn ìdúpẹ́ oṣù yìí. Bàbá rẹ ní kí n lọ dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ òsì àwọn. Mo ní ṣé ó ti san ni? Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó gbé àwọn lọ oko láti kékeré, tó gun igi obì, tó gbé àwọn wá fẹ́ mi nílé bàbá mi, ṣé bó bá ń lọ, ká má sọ fún ẹni tó fún wa pé ó ṣeun? Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, àwọn ò sì ní ja Ọlọ́run lólè. Inú bí mi. Mo ní ta ló ń dúpẹ́ lórí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n fi yá òun.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ máa ń kọ ìdí rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, akọ̀wé á sì kà á sókè. Mo kọ tèmi fúnra mi: Tinúadé Òjó, fún ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi. Ààyè tó wà níbẹ̀ kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbà pé Ọlọ́run mọ ìyókù. Alàgbà Bámgbóyè tó jẹ́ akọ̀wé kà á. Kí n tó dìde, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti hó yèè. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ náà ti san! Wọ́n dá orin, Ìyá Kọ́lájọ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí fà mí síwájú, ó ní kí n ju ara, àbí ẹsẹ̀ tèmi náà ló ń dùn mí ni? Mo ń jó, ẹnu mi ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni kò dúró tì mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n wá dúró tì mí, irọ́ tí n kò pa ló kó wọn wá. Alàgbà Bámgbóyè sì kéde pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀la nìyẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá á wá bá bàbá rẹ yọ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ Ọlọ́run.

Mo délé. Mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Mo rò pé wọ́n á bínú, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ, pàápàá ibi tí Ìyá Kọ́lájọ ti fà mí. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n sọ fún un pé ó ṣe oríire, ẹsẹ̀ oko lásán tí odindi ìjọ jó fún.

Síbẹ̀ a kò lọ sí ọsibítù lónìí. Ọwọ́ mi kò gbà á. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá lọ́sàn-án, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni dókítà fi ṣe ìkẹyìn. Nígbà tó tú báńdéèjì wò, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ náà. Ìka kẹta ti ń dúdú. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá rẹ ní ṣé mo ti wá rí bírò? Mo ní mo ti rí i. Mo kọ orúkọ mi, n kò fo lẹ́tà kankan. Ààyè díẹ̀ ṣẹ́kù níwájú rẹ̀, mo bá fi kún un pé, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní Màmá, wọn ò ní kí ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀. Mo ní mo mọ̀.

Bàbá rẹ ní kí n gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ dókítà bí wọ́n bá gé e tán, kí n gbé e lọ sin sí ẹ̀bá oko kòkó wa ní Ọ̀rà, pé kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ onílẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Fi díẹ̀ lé e, nítorí n kò mọ̀ bóyá ọlọ́kadà á kà á sí ẹrù ni tàbí kó ní èèyàn méjì la jẹ́. Bí o bá lè wá fúnra rẹ, ìyẹn dára ju owó lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ọ́ gbé. Ibi tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́. O ò ní fi omijé dúpẹ́, bó bá sì di dandan kí o fi omijé dúpẹ́, o ò ní dá nìkan wà.

Lọ́la, kí a tó lọ sí ọsibítù, ilé Alàgbà Bámgbóyè ni màá kọ́kọ́ yà sí. Láti ọ̀sán ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi. Màá sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ tí wọ́n jó fún kò san, pé ìdúpẹ́ náà kì í ṣe irọ́, àti pé bí ẹgbẹ́ ìyá bá ṣì fẹ́ wá, ọsibítù ni kí wọ́n wá ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n wá bá mi jókòó.

Ìyá rẹ,
Tinúadé Òjó