Bírò Pupa Bàbá

Àbúrò mi,

Màmá kí ọ, wọ́n kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún wọn ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. A ti tún òrùlé ṣe, òjò kì í wọlé mọ́.

A sin Bàbá ní Sátidé. Àwọn awakọ̀ ìdíje àtijọ́ pé pérépéré, wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọ ìtàn eré ọkọ̀ bíi ti Bàbá. Orí mi wú.

Ìyàwó awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Má-tẹ-Bíréèkì náà wá, ó gbé ìwé ìtàn tí Bàbá kọ dání. Bàbá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ipò kejì ni ọkọ rẹ̀ gbà nínú ìdíje ńlá. Lẹ́yìn tí o kó kúrò nílé ni mẹkáníìkì kan mú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi aago ka àkókò eré lọ́jọ́ náà wá: Má-tẹ-Bíréèkì ló ṣe ipò kìíní! Ọkàn Bàbá ò balẹ̀ mọ́. Láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n wá gbogbo ẹni tó ra ìwé náà kàn, wọ́n fi bírò pupa tún un ṣe, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Obìnrin náà ní, “Ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà yẹn, ó fojú ara rẹ̀ rí i.”

Igba ìwé ni. Nínú jọ́tà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ní ìwé náà sí, orúkọ rẹ nìkan ni wọn ò tíì fagi lé. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa wá bá ọ.

Jọ̀ọ́, ṣí ojú ìwé ọgọ́ta nínú ìwé tìrẹ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa.

Mo di bírò náà mọ́ lẹ́tà yìí. Yíǹkì rẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó tó ìwé kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin