Ọkọ̀ Ọṣẹ Ò Wọ Cow Lane Mọ́

Ọjọ́bọ̀, Nima.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa lónìí nílé iṣẹ́ ọṣẹ. Ìṣirò tí ẹgbẹ́ wa ní yunifásítì bá wọn ṣe ti dín epo ọkọ̀ wọn kù. Èmi ni mo ní kí ọkọ̀ má wọ ọjà Cow Lane mọ́, torí ọ̀nà ibẹ̀ há. Mo rò pé wọ́n á máa já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà ni.

Mo délé, mo bá Màámi tó ń fi róòbù pa ọrùn.

"Ọkọ̀ ọṣẹ ò dé ìsọ̀ wa ní Cow Lane mọ́. Láti ọjà Makola ni mo ti ń ru páálí ọṣẹ. Ìwọ tó ò ń bá wọn ṣe ìṣirò, ṣé o ò lè bá wa bẹ̀ wọ́n ni?"

Mo gba róòbù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọpọlọ mi.