Ọwọ́ Tí Bàbá Rẹ Nà Sókè

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópó Kopalniana,
Bytom.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Krista, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Jámánì lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Lea ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé láìsunkún? Ní tiwa, a wà. Orúnkún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn gba ojú ìwé.

Mo mọ̀ pé bàbá rẹ kò ní sọ ọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí èmi aládùúgbò rẹ̀ fi ń kọ̀wé. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wó ilé ẹyẹlé rẹ̀.

O rántí pé yunifásítì ìlú wa àti ọ̀kan lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọba ìlú láti wá nǹkan ṣe sí àdúgbò wa, látìgbà tí ibi ìwa-èédú ti kógbá wọlé. Wọ́n fẹ́ sọ àgbàlá ẹ̀yìnkùlé wa di ọgbà. Àwòrán wọn dára, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ibi tí wọ́n ya bẹ́ǹṣì sí gan-an ni ilé ẹyẹlé bàbá rẹ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Malwina tó jẹ́ olórí wọn kò fi pa mọ́ fún wa nípàdé tó pè ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ó ní àwọn lè kọ́ òmíràn síbòmíì, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ tó ti dàgbà kò ní gbà pé ilé àwọn nìyẹn, ibi tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n á máa padà sí, àfi kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé títí wọ́n á fi kú. Ó wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wó o nawọ́.

Bí Ọ̀gá Rufin ṣe nawọ́ nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ wá. Ó pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ fóòmánù wa, olórí àwọn awakùsà, ṣì ni. Nínú kòtò èédú, bó bá nawọ́, gbogbo wọn á nawọ́, torí ẹni tó bá ń bi í léèrè lè má délé mọ́. Àwa ará ilé wọn sì kọ́ ọ lára wọn. Gbogbo gbọ̀ngàn nawọ́. Èmi náà nawọ́. Bàbá rẹ nawọ́.

Àwọn ará yunifásítì ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́ kí Ọ̀gá Rufin tó lanu.

“Ibi tí ilé ìtọ̀ wà ni mo fẹ́ béèrè o.”

Mo sáré bá bàbá rẹ pé kó lọ sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè.

“Gizela, ọwọ́ ta ni mo nà?”

“Ọwọ́ yín ni, bàbá.”

“Ó tán nìyẹn.”

Inú bí mi débi pé mi ò jẹ kéèkì tí wọ́n pín. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, àwọn ẹyẹ yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti fura. Ó pè wá padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí Ọ̀gá Rufin jọ̀ọ́ bá òun wo omi tíì lórí iná nínú ilé ìdáná. Bí ìyẹn ṣe wọlé báyìí, ó fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ilé ẹyẹlé, kó wá sápá ibí, ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ǹṣì, kó lọ sápá ọ̀hún.

A dúró, a ń wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Hubert, tí ń bá bàbá rẹ jà lójoojúmọ́ lórí ìgbẹ́ ẹyẹlé tó wà lára mọ́tò rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀. Ó lọ sápá ilé ẹyẹlé.

“Bí wọ́n bá kó wọn lọ, ta ni mo fẹ́ máa bú?”

Ni gbogbo wa bá tẹ̀ lé e, àfi bàbá rẹ. Òun nìkan ló lọ dúró sápá bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ sẹ́yìn, torí ohun tó ti nawọ́ sí nìyẹn. Ọ̀gá Rufin gbé tíì wọlé, ó bá wa bẹ́ẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ lọ síbẹ̀ yẹn?”

Ó gbé tíì kalẹ̀, òun náà wá bá wa. Omijé bọ́ lójú mi.

Wọn ò wó o mọ́. Bàbá rẹ ò tíì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀, ó ní a kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ wa. Bó o bá pè é, má dárúkọ ẹyẹlé rárá. Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi gbá Lea mọ́ra. Hubert náà ní kí n kí ọ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń wo bàbá rẹ láti ojú fèrèsé. Ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ilé ẹyẹlé rẹ̀. Ó rí mi, ó kọ̀yìn sí mi, ó sì ń kùn ún lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Gizela.